Ìwé Yìgì Tí Ọwọ́ Ò Gbọdọ̀ Kàn

Kò sí ẹni tó mọ Àkíbù ní Ìsàlẹ̀ Òsì tí kò mọ ìkọ̀wé rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi jẹ́ akọ̀wé mọ́sáláṣí wọn, gbogbo ìwé yìgì tí wọ́n sì ń fún tọkọtaya ládùúgbò náà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde. Bó bá fa ìrù lẹ́tà, á rọra ká a sókè bí ẹni ń ká ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ọkọ ti lọ, ìfẹ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ìwé yìgì ṣì wà lára ògiri, nítorí pé ìkọ̀wé rẹ̀ dùn ún wò.

Ìyẹn kó tó di pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn Iléyá ọdún 1994. Ife tíì ló kọ́kọ́ tú àṣírí: láràárọ̀ ló ń lu àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀, kan-kan-kan-kan, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló kan báírò. Ìlà tó yẹ kó lọ tààrà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí ẹni tó mutí. Àkíbù kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ sọ fún Ràbíátù aya rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣàkíyèsí pé àwo kò bá ife wá mọ́, ó ní bóyá ó ti fọ́, kò sì béèrè. Inú rẹ̀ dùn pé ariwo náà ti dá.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ipò rẹ̀. Gàfárù, igbákejì rẹ̀, tíṣà ni, ó fi ogún ọdún kéré sí i, ìkọ̀wé rẹ̀ sì mọ́ gaara. Gàfárù kò ṣẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ó sì fẹ́ràn kí ó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìmáàmù. Lójú Àkíbù, méjèèjì yìí tó ẹ̀ṣẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí Ìmáàmù Màmúdù pe ìgbìmọ̀ jọ. Àwọn àgbàlagbà tọkọtaya mọ́kànlélógójì ló wà ládùúgbò tí wọ́n ti so yìgì kí mọ́sáláṣí tó máa fún èèyàn níwèé. Ìmáàmù ní òun fẹ́ kí gbogbo wọn gba ìwé tiwọn lọ́jọ́ kan náà, lọ́jọ́ Àìkú tó máa parí oṣù, lójú gbogbo èèyàn.

"Ṣùgbọ́n, Akọ̀wé," ni Ìmáàmù wí, "ìwé tá a bá fọwọ́ kọ, ẹni tó bá ṣáà ti ní báírò á yí i. Ẹ rántí obìnrin tó fi ọdún mẹ́wàá kún ọdún ìgbéyàwó ẹ̀ kó lè di ìyálé." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. "Ìwé tí mo fẹ́ ni èyí tó jẹ́ pé ohun tí èèyàn bá kọ sínú fọ́ọ̀mù gẹ́lẹ́ ló máa jáde, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè yí i padà mọ́. Ẹ bá wa wá ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa yàn án. Bẹ́ ẹ bá yàn án re, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti gbìyànjú, kí ẹ sinmi, kí Gàfárù gbà á."

Ẹlòmíràn ì bá bínú. Inú Àkíbù ńkọ́? Ó dùn dé ọrùn. Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ kì í gbọ̀n. Bí ẹ̀rọ bá ń kọ̀wé, ta ni yóò tún béèrè ọwọ́ akọ̀wé?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó wọ agbádá kékeré, ó forí lé Ọ̀rányàn, lọ́dọ̀ Ọ̀jẹ̀wálé atẹ̀wé. Lẹ́tà òjé ni Ọ̀jẹ̀wálé fi ń tẹ̀wé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó mú ìwé kan jáde tí òdòdó yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ká, orí Àkíbù wú.

"Ibi tí orúkọ máa wà dà?" ló béèrè.

"Àwọn àlàfo yẹn nìyẹn, bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ kọ ọ́ sí i. Ta ni ò mọ ọwọ́ yín ní gbogbo Ìbàdàn?"

Àkíbù rọra ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú àpò. Ó ní iṣẹ́ náà dára púpọ̀, àfi pé òdòdó ara rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ó yà sí ìsàlẹ̀ òkè Màpó, níbi tí Grace ti ń tẹ táìpù fún àwọn tó ń lọ sí kóòtù. Grace ń tẹ̀ ẹ́ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í rí ọ̀rọ̀ kó má tún un ṣe. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí Àkíbù fún un dán wò, ó ní 1951 kò bójú mu fún ìgbéyàwó, pé ìyàwó á kéré jù, ó sọ ọ́ di 1955. Níbi tó ti ṣi orúkọ tẹ̀, ó fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, ó tẹ òmíràn lé e. Àkíbù fi èékánná ha ọ̀dà náà. Ọ̀dà bó, orúkọ àkọ́kọ́ yọjú sí i látìsàlẹ̀.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ ha á?" ni Grace wí, ojú rẹ̀ ti le.

"Àwọn obìnrin ilé wa máa ha á," ni Àkíbù dáhùn, ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹẹrẹ ló ti rí ohun tó ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Olúṣẹ́gun ti kó kọ̀ǹpútà méjì síbẹ̀, ó fi aṣọ bò wọ́n nítorí eruku, ó sì ń ṣí wọn fún oníbàárà tìṣọ́ratìṣọ́ra bí ẹni ń ṣíjú ìyàwó tuntun. Ó fetí sí Àkíbù títí, ó sì mi orí.

"Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n ṣe, bàbá, àfi tá a bá fi kiní kan kún un." Ó mú díìsìkì dúdú pẹlẹbẹ méjì jáde láti inú dúrọ́ọ̀. "Ohun tó wà nínú ìwọ̀nyí ló máa kọ́ ọ. A máa kọ ìwé yìgì yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, a máa fi àlàfo sí i. Mo máa wá tẹ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù sọ́tọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé orúkọ ọkọ síbi orúkọ ọkọ, á gbé tìyàwó síbi tìyàwó, títí gbogbo fọ́ọ̀mù á fi tán. Kò ní fi kún un, kò ní yọ níbẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá fi rọ́bà bò ó. Èékánná kankan ò ràn án."

Àkíbù jókòó dáadáa. "Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?"

"Ọ̀kan máa ń béèrè, ọ̀kan kì í béèrè. Èyí tó ń béèrè, á dúró lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, á ní kí ẹnì kan wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni, kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Èkejì kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ ràì. Lójú tèmi, bàbá, èyí tó ń béèrè ló dáa."

"Ìbéèrè kí ni?" Àkíbù nà ró. "Ìmáàmù ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ̀rọ tó bá ń béèrè, ó ń wá ẹni tó máa fọwọ́ sí i nìyẹn. Èyí tí kì í béèrè ni kó o bá mi lò."

Bó ṣe yàn án nìyẹn, tó sì sọ̀kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ọba. Ó dé Ògùnpa, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ìfọwọ́síwèé òun àtijọ́ sára rọ́bà òǹtẹ̀, kí ọwọ́ má tún bá báírò pàdé rárá. Ó ti di gbogbo ihò. Ó rò bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ló kù. Àkíbù kò jẹ́ fún àwọn ọkùnrin ní fọ́ọ̀mù, torí bó bá fún wọn, wọ́n á fi di obì. Alhaja Èjìdé, olórí àwọn ìyá alásàlátù, ló kó gbogbo rẹ̀ fún. Àwọn ìyá ń sọ ọ́ lẹ́nu, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń bá wọn kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi padà dé. Àkíbù kà á, mọ́kànlélógójì pé géérégé. Ó wò ó bóyá ẹnì kan fi àlàfo sílẹ̀. Kò sí. Ohun tó wò kò ju ìyẹn lọ, àlàfo. Kò ka ohun tí wọ́n kọ, ó ní kí Gàfárù má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ọwọ́ òun ló yí i padà.

Ó kó wọn lọ fún Olúṣẹ́gun, ṣùgbọ́n iná ò sí ní Bẹẹrẹ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tí iná dé lálẹ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀rọ tí kì í béèrè tẹ mọ́kànlélógójì láìmí. Olúṣẹ́gun lu òǹtẹ̀ Ìmáàmù àti ti Akọ̀wé sí i, ó fi rọ́bà bò wọ́n, ó kì wọ́n bọ àpò ìwé, ó lẹ̀ wọ́n pa. Òwúrọ̀ Àìkú ni Àkíbù gbà wọ́n, ó sì gba mọ́sáláṣí lọ.

Wọ́n ti ta tapólì sí ojúde. Àwọn ọkùnrin wà lápá ọ̀tún, àwọn obìnrin wà lápá òsì nínú aṣọ funfun. Gàfárù ń ya àpò ìwé, Ìmáàmù ń gbà á, ó ń kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àkíbù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó kẹ́sẹ̀ léra.

"Bísímíláì. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé Alhaja Èjìdé jẹ́ aya…" Ìmáàmù dákẹ́. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "…aya Olówó-Orí-Mi."

Àwọn èèyàn rò pé àwàdà ni. Gàfárù na ìkejì sí i.

"Ràfátù, aya Olówó-Orí-Mi."

Ìkẹta, Baálé Wa. Ìkẹrin, Bàbá Lásùn. Ìkarùn-ún, Adé-Orí-Mi. Ìkẹfà, Ìmáàmù kà á lẹ́ẹ̀mejì: "Sínótù, aya Ẹni-Òkè. Ẹni òkè wo?"

Ìyá arúgbó kan dáhùn láàárín àwọn obìnrin: "Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń sùn báyìí, Àfáà. A ò tíì parí ìjà."

Ojúde mọ́sáláṣí bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n máa fi ka ogójì, Olówó-Orí-Mi ti di mẹ́tàlá. Sàlámì, tó ní ìyàwó méjì, dìde ti òun ti ìwé méjì lọ́wọ́.

"Ìmáàmù, ẹ gbà mí. Ìyálé ní Olówó-Orí-Mi lorúkọ mi, ìyàwó ní Bàbá Lásùn ni. Èwo ni kí n máa jẹ́?"

"Máa jẹ́ méjèèjì," ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "oúnjẹ méjì ṣáà lò ń jẹ!"

Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín, àfi Àkíbù. Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé e mì. Ọdún mẹ́tàlélógún láìṣi orúkọ ẹyọ kan kọ, ó wá di ọjọ́ kan ṣoṣo, ogójì! Gàfárù yíjú sí i, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnikẹ́ni ò kà á kó tó jáde ni?" Jẹ́jẹ́ tó fi béèrè rẹ̀ dun Àkíbù ju èébú lọ.

Alhaja Èjìdé ti dìde. "Ẹ má dá wa lẹ́bi o. Ta ní í bi obìnrin ilé léèrè orúkọ ọkọ ẹ̀? Mo ti lo ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta nílé àwọn bàbá yìí, orúkọ wọn ò tíì gba ẹnu mi jáde rí. Ṣé ọjọ́ ogbó mi lẹ wá fẹ́ kí n máa pe ọkọ lórúkọ bí ẹní ń pe ajá? Fọ́ọ̀mù ní ká kọ orúkọ ọkọ, a kọ orúkọ tí à ń pè wọ́n. Kí ló kù?"

"Òótọ́ ni!" làwọn obìnrin hó.

Òótọ́ náà sì ni. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀, àwọn ìyá kò ṣẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní Ìsàlẹ̀ Òsì, tí ìyá rẹ̀ pe bàbá rẹ̀ ní Bàbá Àkíbù títí ó fi re ọ̀run, òun ló jókòó kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ síwájú obìnrin.

"Akọ̀wé," ni Ìmáàmù wí, ó ń nu omijé ẹ̀rín, "ìwé tí kò ṣeé yí padà ni mo ní kẹ́ ẹ wá. Ẹ sì wá a rí."

Gàfárù ní kí òun kọ orúkọ gidi sí ẹ̀yìn ìwé. Ó dán an wò, báírò ń yọ̀ lórí rọ́bà bí ẹsẹ̀ lórí ilá. Ó ní ó dáa, òun á máa lọ láti ilé dé ilé lọ gba orúkọ, bóyá ọ̀sẹ̀ méjì á tó o.

"Kò gba ọ̀sẹ̀ méjì," ni Àkíbù wí. Kò mọ ìgbà tó dìde. "Olówó-Orí-Mi ti Alhaja Èjìdé, Bùsárì Àkànní ni. Ti Ràfátù, Yèkínì Àlàó. Baálé Wa, Lásísì Àyìndé, ilé Alágbẹ̀dẹ. Ẹni-Òkè ni Múràínà Àjàní, kí Ọlọ́run bá wọn parí ìjà."

Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó ń pè wọ́n bí wọ́n ṣe tò, orúkọ, oríkì, agboolé, àti ẹni tó fa ìyàwó léni lọ́wọ́ lọ́jọ́ yìgì. Bó bá ti pe ọ̀kan, ọkùnrin kan á nawọ́ lápá ọ̀tún, á ní "Èmi rè é," àwọn obìnrin á sì mi orí lápá òsì láìsọ nǹkan kan. Ogójì pé. Ẹ̀rín ti tán lójúde.

Ìmáàmù wò ó títí. "Ta ló wà níbí tó tún lè ṣe èyí?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sú Àkíbù. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àpò agbádá, ó nà án síwájú kí gbogbo wọn lè rí i, bó ṣe ń gbọ̀n. "Ìmáàmù, mi ò lè kọ̀wé mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́."

Gàfárù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín ò ṣáà gbọ̀n. Ẹ máa pè é, kí n máa kọ ọ́."

Ìgbà yẹn ni Gàfárù rántí pé àpò ìwé kan ṣì kù lórí tábìlì. Ó ya á, ó wò ó, ó sì gbé e fún Ìmáàmù. Ìmáàmù súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé Ràbíátù jẹ́ aya Akọ̀wé."

Ó kà á tán, ó fi rọ́bà ìwé náà lu tábìlì pẹ́pẹ́. "Ṣé ẹ gbọ́? Ìwé tí kò ṣeé yí padà ni. Ta lèmi tí màá yí i?"

Àkíbù àti aya rẹ̀ jọ ń rìn bọ̀ wálé, Ràbíátù ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀ lábẹ́ gèlè tó ká sọ́wọ́. Àkíbù dúró dè é.

"O mọ̀ nípa ọwọ́ yìí?"

"Ta lẹ rò pé ó gbé àwo kúrò lábẹ́ ife yín?" ni Ràbíátù dáhùn.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé.

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ kọ Olówó-Orí-Mi. Kí ló dé tó o kọ Akọ̀wé?"

"Mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ yín. Wọ́n sì ní ohun tá a bá kọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè yí i mọ́. Mo ní kí n fi síbẹ̀, ká wo ẹni tó máa yọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, Àkíbù àti Gàfárù gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Olúṣẹ́gun ní Bẹẹrẹ. Àkíbù ní kó gbé díìsìkì tó ń béèrè wá. Olúṣẹ́gun gbé e wá, ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ń dúró lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè, Àkíbù ń pe orúkọ gidi, Gàfárù ń wò ó bóyá lẹ́tà pé, Olúṣẹ́gun ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dórí èyí tó kẹ́yìn.

"Bàbá, ó ń bi wá bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n yọ Akọ̀wé, kí n fi Àkíbù sí i?"

"Fi í sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni kí n fi í sílẹ̀, bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí Olúṣẹ́gun tó lu òǹtẹ̀ sí i, Àkíbù gba báírò lọ́wọ́ Gàfárù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Ìlà náà wọ́ kọrọ̀kọrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó wò ó, ó ní kí wọ́n fi rọ́bà bò ó bẹ́ẹ̀.